Oògùn Tó Ń Jí Pòtétò, Òun Náà Ló Ń Mú Kí Iṣu Sùn Pẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí rèé ní kíkọ, fún ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ọ, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tí íápíìsì yín ti bàjẹ́.

 

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èkó ló ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etíkun lọ́hùn-ún. Ó ní ìyá òun ti kó kúrò létí omi nítorí òkun tó ń gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá yìí ti wá gba ilẹ̀ díẹ̀ ní apá Òkìtìpupa, ó fẹ́ dá oko iṣu. Wọ́n ti ra èbù, owó náà kò sì kéré rárá. Àmọ́ èbù ò hù. Ọmọ wá rí fídíò kan lórí fóònù rẹ̀ níbi tí àgbẹ̀ kan ti ń ri pòtétò bọ inú omi oògùn tí wọ́n ń pè ní gibberellin. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, pòtétò ti yọ èéhù. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé kí òun ra oògùn yìí ránṣẹ́ sí ìyá òun, kí wọ́n fi rẹ èbù iṣu?

Ìdáhùn mi ni rárá. Ẹ má rà á. Tí wọ́n bá rẹ iṣu sínú oògùn yẹn, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kí iṣu náà tún sùn pẹ́ sí i. Mo mọ̀ pé ó jọ àwàdà. Oògùn kan náà, omi kan náà, kí ọ̀kan jí kí èkejì sì máa sùn lọ. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbàkigbà tí mo bá pe pòtétò lónìí, ti Áírìṣì ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń dín jẹ pẹ̀lú ẹyin. Kì í ṣe ọ̀dùnkún, kì í ṣe ànàmọ́, kì í ṣe kúkúǹdùkú, orúkọ yòówù tí wọ́n bá ń pè é lágbègbè yín. Ìyẹn, okùn rẹ̀ la máa ń gbìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Pòtétò tí wọ́n fẹ́ gbìn, pòtétò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn, bíi ti iṣu. Tí ẹ bá mú ọ̀kan lọ́wọ́, ẹ máa rí àwọn ojú kéékèèké lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni èéhù ti ń jáde. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wú u nínú ilẹ̀, kò ní hù, kódà bí ẹ bá bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ń sùn. Oorun yẹn máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta, ó wà lọ́wọ́ irú pòtétò tó bá jẹ́. Ọlọ́gbọ́n sì ni oorun náà, torí pé ohun ọ̀gbìn tó bá hù nígbà tí òjò ti lọ, ikú ló fi ń ṣeré.

Ibi tí oorun yìí ti di wàhálà ni Jos. Orí òkè Plateau ni wọ́n ti ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú pòtétò ilẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sì ni. Wọ́n á gbin ti òjò, wọ́n á wú u ní nǹkan bí oṣù kẹjọ. Nígbà tó bá di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, wọ́n fẹ́ gbin ti ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí wọ́n ń bomi rin. Àlàfo àárín méjèèjì kò ju oṣù méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹni tó fẹ́ fi irè òjò ṣe irúgbìn ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè débi oko kí irúgbìn rẹ̀ ṣì máa han-run. Òun ló ń wá oògùn tó ń jí pòtétò.

Ẹ̀yin ará, ìtàn bí wọ́n ṣe rí oògùn yìí dùn mọ́ mi. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbin ìrẹsì ní Jàpáánì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn kan wà tó máa ń mú ìrẹsì wọn, tí ìrẹsì á kàn ga fíofío ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, á tẹ́ẹ́rẹ́, á ṣubú, á kú láìso. Àwọn àgbẹ̀ ń pè é ní bakanae, ìyẹn ọmọ ìrẹsì tó ya òmùgọ̀. Olú kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Ní 1926, Eiichi Kurosawa, ọmọ Jàpáánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Taiwan, fi hàn pé omi tí olú náà ti gbé inú rẹ̀ tó láti mú kí ìrẹsì ga bẹ́ẹ̀, kódà tí olú fúnra rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ mọ́. Ní 1935, Teijiro Yabuta sọ ohun tó wà nínú omi yẹn ní gibberellin. Nígbà tó yá ni wọ́n wá mọ̀ pé àwọn ohun ọ̀gbìn náà ń ṣe é fúnra wọn, ní ìwọ̀n kékeré. Hòmóònù wọn ni. Hòmóònù ló ń sọ fún ewéko pé ga, dúró, sùn, jí.

Lára páálí, GA3 ni wọ́n sábà máa ń kọ. Tó bá kan pòtétò tó ń sùn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ta èéhù tó ti wà nínú ojú yẹn jí, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kéré débi pé ó ń bani lẹ́rù. Ẹ fojú inú wo dúrọ́ọ̀mù epo tí a mọ̀ létí odò, èyí tó ń gba nǹkan bí 200 líta. Gíráàmù 1 péré nínú dúrọ́ọ̀mù omi kan, ìyẹn á fún yín ní míligíráàmù 5 nínú líta kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì tó fún pòtétò tí wọ́n bá gé. Ṣíbí tíì kan tí ṣúgà kún dọ́gba ń lọ sí bíi gíráàmù 4, nítorí náà ìdá mẹ́rin ṣíbí ni à ń wí fún odindi dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á wá da gíráàmù 1 yẹn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì líta 10. Ìlọ́po 20 nìyẹn. Kí ló máa tìdí ẹ̀ yọ? Èéhù tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń ṣẹ́ tí ẹ bá kàn fọwọ́ kàn án, gẹ́gẹ́ bí ìrẹsì òmùgọ̀ ọjọ́sí. Ìyẹ̀fun náà kì í tètè yò nínú omi lásán pàápàá, ọtí ethanol díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ yò ó. Fídíò ìṣẹ́jú kan kì í sọ èyí.

Ẹnì kan lè bi mí pé, tí pòtétò bá rọrùn báyìí, kí ló dé tí a kò gbìn ín ní Igbókọ̀dà, tí a ń dúró de ọkọ̀ láti Jos? Hòmóònù yìí kan náà ló fà á. Kí pòtétò tó ta nínú ilẹ̀, ó fẹ́ kí òru tutù. Jos ga tó 1,200 mítà sókè ojú òkun, òru ibẹ̀ ń tutù. Ti etíkun wa, ẹ mọ bó ṣe rí: ẹ̀ẹ̀kan náà ni ooru ọ̀sán àti ti òru. Tí ooru bá mú pòtétò lọ́rùn, gibberellin inú rẹ̀ á pọ̀, ewé á máa yọ, igi á máa ga, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ á ṣófo. Ẹni tó bá wú u, okùn gbọọrọ ló máa rí.

Nítorí náà, nínú ilé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe irúgbìn pòtétò tí kò lárùn, inú ìgò ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ pòtétò dàgbà, oògùn tó ń ta ko gibberellin ni wọ́n sì sábà ń fún un, bíi chlormequat tàbí paclobutrazol, kí ó lè ta ọmọ kéékèèké tó rí bí ẹ̀wà. Ṣé ẹ rí i? Nígbà tó yẹ kí pòtétò ta, gibberellin jẹ́ ọ̀tá. Nígbà tó yẹ kí ó hù, ó di ọ̀rẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ohun ọ̀gbìn lákòókò yẹn ló ń pinnu ohun tí oògùn máa ṣe.

Ó wá ku iṣu. Iṣu àti pòtétò kò jọ bàbá, kò jọ ìyá. Ẹbí tòmátì àti ata ni pòtétò. Tó bá jẹ́ iṣu, àgbàdo ló fi súnmọ́ jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni a ti ń wa iṣu. Ẹ tún wo ara rẹ̀ dáadáa: kò ní ojú. Pòtétò ti di èéhù rẹ̀ sínú ojú sílẹ̀ kó tó sùn, ó kàn ń dúró de ẹni tó máa jí i ni. Iṣu kò ní nǹkan kan nílẹ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ ṣẹ̀dá èéhù lábẹ́ èèpo, láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gùn. Tí gibberellin bá dé bá a nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ìdákejì ni aṣẹ tó ń gbọ́: dúró, má tíì ṣe é. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní Áfíríkà níbí àti ní Jàpáánì ti rí èyí léraléra. Kódà, ìdí tí àwọn míràn fi ń fi GA3 ṣe ìdánwò lára iṣu ni pé wọ́n fẹ́ kí iṣu tí wọ́n ń tà lọ́jà pẹ́ kí ó tó hù. Kété lẹ́yìn tí wọ́n bá wa iṣu ni wọ́n ń fi sí i, tó bá ti pẹ́ jù kò ní í ràn án mọ́.

Ṣé oògùn míràn wà tó ń jí iṣu? Wọ́n ti dán oríṣiríṣi wò. Èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn, ó kàn dín oorun kù fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ ni, nígbà tí iṣu náà ti fẹ́ jí fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tí mo lè sọ pé kí ọmọ kan fi owó ọjà ìyá rẹ̀ rà.

Owó yẹn sì ni kókó ọ̀rọ̀. Nàìjíríà ń kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣu àgbáyé jáde, síbẹ̀ àgbẹ̀ lè yọ tó ìdá 30 nínú 100 irè rẹ̀ sẹ́yìn láti fi ṣe èbù ọdún tó ń bọ̀. Iṣu tí ìdílé kò ní jẹ, tí wọn kò sì ní tà. Nítorí èyí ni àwọn tó wà ní Umudike, ilé iṣẹ́ ìwádìí NRCRI, fi kọ́ àgbẹ̀ láti gé iṣu sí wẹ́wẹ́ tó wúwo tó gíráàmù 25 fún èbù. Nítorí rẹ̀ náà ni IITA ní Ìbàdàn, láti 2011 wá lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní YIIFSWA, fi ń gé okùn iṣu gbìn sínú èèpo ìrẹsì tí wọ́n sun, tí wọ́n sì ń gbé iṣu kọ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ máa mu omi láti inú ìkùukùu lásán, láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo rí àwòrán rẹ̀, iṣu tó ń so nínú afẹ́fẹ́, mo ní ẹni tó bá fi han bàbá àgbà mi á sọ pé àjẹ́ ni.

Fún èbù tó wà nílẹ̀ báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màmá máa bi ẹni tó tà á ni pé: ìgbà wo ni wọ́n wa iṣu yìí? Oorun iṣu ń tó oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, kò sí bí ẹ ṣe lè bú u jí. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á ni, ẹ ní sùúrù, kò ì kú. Ẹ ya èbù orí sọ́tọ̀ kúrò lára ti àárín àti ìdí, nítorí ti orí ló máa ń kọ́kọ́ hù. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ lórí ebè kan náà, kí ẹ má baà rò pé ìyókù ti bàjẹ́. Ẹ fi eérú pa ojú ibi tí wọ́n gé, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ kó wọn sábẹ́ òjìji, kí ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò, èyí tó bá ti yọ ẹnu ni kí ẹ máa gbé lọ sóko. Tí ẹ bá gbìn ín tán, ẹ fi koríko gbígbẹ bo orí ebè, oòrùn apá ibẹ̀ lè se èbù nínú ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbin nǹkan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní bákónì. Wọ́n máa ń wọ́n oògùn kan tí wọ́n ń pè ní chlorpropham sí pòtétò jíjẹ ní Yúróòpù kí ó má baà hù, títí tí wọ́n fi fòpin sí i lọ́hùn-ún ní 2020. Tí pòtétò ilé ìtajà bá kọ̀ láti hù fún yín, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fún un ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbin pòtétò, irúgbìn gan-an ni kí ẹ rà, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kì í pa. Èéhù rẹ̀ á kúrú, á nípọn, á di àwọ̀ ewé. Àwọn ará Peru ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ńlá ti pòtétò wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ti ń kọ́ àgbẹ̀ ní ọgbọ́n yìí tipẹ́, kò gba kọ́bọ̀ kan. Èyí tó bá di àwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná yín ńkọ́? Ẹ má jẹ ẹ́. Ó ti ní májèlé nínú, sísè kò sì lè pa májèlé náà.

Ẹ máa fi ìbéèrè yín ránṣẹ́, ohùn tàbí àkọsílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa púpurú: ohun tí èéfín ń ṣe sí i gan-an.