Ìrònú tí ó gún àti ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ òtítọ́

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ènìyàn fi ń ronú dé ìparí ọ̀rọ̀. Ní ọ̀nà kìíní, bí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́, ìparí rẹ̀ kò lè jẹ́ irọ́. Ní ọ̀nà kejì, àpẹẹrẹ ni ènìyàn ń kó jọ; ìparí rẹ̀ lè lágbára, ṣùgbọ́n kì í di dandan.

Ẹ wo ìrònú yìí: "Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó fi fáwẹ́lì u bẹ̀rẹ̀. Ulé fi u bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ulé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá." Ẹni tí ó bá gba gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ kò lè kọ ẹ̀kẹta. Síbẹ̀, irọ́ ni, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé.

Inú gbólóhùn kìíní ni àṣìṣe wà. Ọ̀nà kejì ni ó bí i: ẹnì kan gbọ́ ilé, iṣu àti igi lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́, ó sì sọ pé gbogbo Yorùbá nìyẹn. Bí àpẹẹrẹ rẹ̀ tilẹ̀ pé 1,000, ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti Èkìtì tó láti bì í wó.

Nítorí náà, ní ọ̀nà kìíní, kí á bèèrè bóyá ìparí tẹ̀lé ìpìlẹ̀, àti bóyá ìpìlẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ní ọ̀nà kejì, kí á bèèrè bóyá àpẹẹrẹ pọ̀, tí ó sì wá láti ibi gbogbo tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tí yóò sọ pé "gbogbo Yorùbá", kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti àwọn Ifẹ̀ ti Atakpamé ní Tógò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fi ìrònú tí ó gún lé ọmọ ilé síta.