Ìtàkùn Tó Ń Jẹ Kòkòrò Nígbà Èwe

Ẹni tó bá wá Nepenthes, ewéko oníkòkò tó ń fi kòkò ewé rẹ̀ pa kòkòrò jẹ, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iva Valley ní Enugu, níbi tí wọ́n ti wa èédú láyé ìjọba òyìnbó, kò ní rí i. Ní ìhà Áfíríkà, Madagásíkà àti Seychelles ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Triphyophyllum peltatum, tó ń hù nínú igbó Sierra Leone, Liberia àti Côte d'Ivoire. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n léwe lè má dá a mọ̀ mọ́ tó bá dàgbà.

Ọjọ́ orí Nepenthes kò ṣòro mọ̀. Kòkò ìgbà èwe máa ń jókòó sílẹ̀, apá méjì onírun sì wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí igi rẹ̀ bá ti ń gun òkè, kòkò tuntun á rí bí àrọ, apá yẹn á súnkì, okùn ewé á sì máa lọ́ mọ́ ẹ̀ka. Èyí tí ọmọrí rẹ̀ ṣì dé pa kò tíì pa kòkòrò kankan.

Triphyophyllum ló gba àkíyèsí. Ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ gùn, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ewé igbó yòókù. Lásìkò òjò, òmíràn lè yọ tí kò fẹ̀ rárá: igi àárín ewé nìkan ni, tín-ín-rín, tó ká jọ kó tó nà, tí orí irun pupa tó ń sun oje sì kún ara rẹ̀. Kòkòrò tó bá bà lé e, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Oje mìíràn á yọ́ ẹran ara rẹ̀, ewé á sì fà á mu. Bí ewé kan bá tẹ́ nísàlẹ̀ tó sì di okùn olóje lókè, ẹ ti bá ewéko náà lẹ́nu ìyípadà.

Lẹ́yìn náà ló ń di ìtàkùn, tó lè gùn ju mítà 40 lọ. Ewé rẹ̀ á kúrú, á ní ìkọ́ méjì lórí tó fi ń di igi mú. Èso rẹ̀ jẹ́ ìyanu lójú mi: ó máa ń là kí kóró tó gbó, kóró á wá dàgbà níta títí yóò fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, pupa rẹ́súrẹ́sú, kí afẹ́fẹ́ tó gbé e lọ.

Kì í ṣe gbogbo Triphyophyllum ló ń pa kòkòrò. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Hannover àti Würzburg ní Jámánì fi hàn pé àìtó èròjà phosphorus ló ń mú ewé olóje yọ.

Abájọ tí àṣírí náà fi pẹ́. Airy Shaw, onímọ̀ ewéko ní ọgbà Kew ní Ìlú Ọba, ti fún un lórúkọ yìí ní 1952, ṣùgbọ́n 1979 ni àwọn onímọ̀ Green àti Heslop-Harrison tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń jẹ kòkòrò. Ìtàkùn àgbà tó ti gbẹ nínú ìwé kò lè sọ ohun tó jẹ léwe.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ewéko, bí ẹ bá dé igbó Taï ní Côte d'Ivoire, tí ẹ rí ìtàkùn oníkọ̀ọ́ méjì, ẹ má wo òkè nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo àwọn ọmọ tó ń hù nísàlẹ̀ rẹ̀.