Bátìrì Kú, Wáráǹtì Kò Tíì Pé: Àjọ Wo Ló Ń Gbèjà Oníbàárà ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀?

Ẹni tó bá ra bátìrì ìnfátà ní Òkìtìpupa, òkùnkùn ló lé e débẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá gbáko tí iná ìjọba fi di àwátì ní Òkìtìpupa, Ìrèlè àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bẹ́ẹ̀, inú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa gan-an ni ilé-iṣẹ́ Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ tó ń fi gáàsì pèsè iná fún Nàìjíríà wà. Jẹnẹrétọ̀ ni àwọn èèyàn fi ń gbé e títí ìjọba fi yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó bẹntiróòlù sì fò sókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti lè tu owó jọ ló ń wá sólà: aránṣọ, onígbàjámọ̀, ẹni tó ń ta oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń rà pọ̀, bátìrì wà lára èyí tó gbówó lórí jù, òun náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Bó bá wá kú láàárín oṣù díẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Ọlọ́jà á ní kí oníbàárà gbé e lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ á ní ìlòkulò ló pa á. Ẹni tó bá wọn so ó pọ̀ á ní òun kọ́ lòun tà á. Oníbàárà á di káàdì wáráǹtì mú, kò ní mọ ẹni tí yóò nà án sí.

Òfin mọ ẹni náà. Federal Competition and Consumer Protection Act, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ló dá àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà sílẹ̀. Àjọ kan ti wà ṣáájú rẹ̀, Consumer Protection Council, tí ìjọba ológun fi àṣẹ dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, àmọ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọdún 1999. Eyín àjọ àkọ́kọ́ yẹn kò mú tó. Ti FCCPC mú. Ẹni tó bá tẹ ẹ̀tọ́ oníbàárà lójú lè fẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, owó ìtanràn náà lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà, tàbí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ yìí bu mílíọ̀nù 110 dọ́là lé British American Tobacco lórí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ó bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta tó ni Facebook. Àjọ tó lè dojú kọ Meta, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ bátìrì tó kú ní Òkìtìpupa kọjá agbára rẹ̀.

Kí ni òfin náà wá sọ fún ẹni tí bátìrì rẹ̀ kú? Abala 131 ní ọjà tí wọ́n bá tà fún èèyàn gbọ́dọ̀ dára, kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kó má lábùkù, kó sì ṣeé lò pẹ́ tó bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ kó pẹ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo gbólóhùn yẹn dáadáa, nítorí kò mẹ́nu ba káàdì kankan. Ohun tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣèlérí ló wà lórí káàdì wáráǹtì. Ẹ̀tọ́ tí òfin fúnni ti wà ṣáájú káàdì, kò sì sí ohun tí ilé-iṣẹ́ lè kọ sórí káàdì tó lè pa á rẹ́. Kódà kí òfin yìí tó dé, òfin ọjà títà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn jogún látinú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893 ti sọ ọ́ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á mu. Ọwọ́ ẹni tó gbowó ni májẹ̀mú yẹn wà. Nítorí náà, ọlọ́jà tó gbowó ní Òkìtìpupa ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn. Bó bá fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ ní Èkó fà á, ìyẹn wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò yẹ kí oníbàárà máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé bátìrì tó wúwo tó bí ọgọ́ta kílò gba Òrè lọ sí Èkó.

Àkọlé tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù pé ọjà tí wọ́n bá ti tà kò ní àdápadà, kò lè bo ọjà tó lábùkù mọ́lẹ̀. Bákan náà, abala 117 sọ pé ẹni tó bá ta ọjà tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta gbangba. Ẹni tó bá tún bátìrì àtijọ́ kùn, tó lẹ orúkọ tuntun mọ́ ọn, ti rú òfin.

A kò ní fi èké sí i: kì í ṣe gbogbo bátìrì tó kú ni ọlọ́jà jẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni omi gbẹ nínú wọn láìsí ẹni tó bojú wò ó, omi kànga ni wọ́n sì rọ sí òmíràn dípò omi bátìrì. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń fà tán lóru títí ìnfátà fi máa ké, tí oòrùn ọjọ́ kejì kò sì tó láti mú un kún padà. Bátìrì olómi tó bá ń sùn lófìfo lálaalẹ́, òjé inú rẹ̀ á bàjẹ́, kò sì ní gba iná mọ́. Wáráǹtì kì í bo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò wà tó ń ya òtítọ́ sọ́tọ̀, ojú ẹni tó ni bátìrì ló sì yẹ kó ti wáyé. Bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tùbúlà, tó jẹ́ fólítì méjìlá, ní yàrá mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣaájì rẹ̀ dáadáa, oníṣẹ́ á ṣí àwọn ìdérí náà, á fi hydrometer, irinṣẹ́ tó ń wọn agbára ásíìdì, fa ásíìdì yàrá kọ̀ọ̀kan wò. Bí bátìrì bá kún, òǹkà náà á sún mọ́ 1.25. Bí yàrá márùn-ún bá wà lókè, tí ẹyọ kan sì rì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, tí gbogbo bátìrì kò sì lè ga ju bíi 10.5 fólítì lọ, àbùkù inú yàrá yẹn ni a sábà máa ń fura sí. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jọ wà nílẹ̀ bákan náà, àìkúnṣaájì tàbí àfàtán ló jọ. Ọlọ́jà tó kàn fọwọ́ gbá bátìrì lórí, tó ní "ẹ ti lò ó jù", kò tíì yẹ ohunkóhun wò.

Ibi tí ẹ̀tọ́ ti sábà ń bọ́ lọ́wọ́ wa ni rìsíìtì. Abala 118 pàṣẹ fún ọlọ́jà láti kọ àkọsílẹ̀ ọjà tó tà fún oníbàárà, tó ní orúkọ ọlọ́jà, àdírẹ́sì, ọjọ́, ohun tó tà àti iye owó rẹ̀. Ẹ má fi ojú àánú gbà á, ẹ̀tọ́ ni. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara bátìrì sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹ má sì tíì tà á fún àwọn tó ń ra bátìrì tó ti kú, nítorí ẹ̀rí yín ni.

Abala 146 fi ọ̀nà sílẹ̀: oníbàárà lè kọ́kọ́ lọ bá ọlọ́jà, ó lè lọ bá àjọ tó ń bójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè kọ̀wé sí FCCPC tààrà, ó sì lè gba kóòtù lọ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Bí bátìrì náà bá jọ ayédèrú, ọ̀rọ̀ kan àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì àti èsì àyẹ̀wò tì í.

Síbẹ̀, Abuja ni olú-iṣẹ́ FCCPC wà, àwọn tó sì ń ra bátìrì yìí wà ní ìgboro Òkìtìpupa àti nínú abúlé lẹ́yìn Ìrèlè. Òfin tí aránṣọ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kò lè gbà á. À ń bẹ FCCPC kó rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá sí ọjà Òkìtìpupa, kó bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta sólà sọ̀rọ̀, kó sì bá ìjọba ìbílẹ̀ ṣètò ibi kan tí èèyàn lè gbé ẹ̀sùn sí lédè Yorùbá, kó sì gbọ́ èsì rẹ̀ kí ọjọ́ wáráǹtì tó pé.