Òótọ́ àti Irọ́: Sẹ́ǹtì Mẹ́wàá Lórí Àwo Oúnjẹ

Irọ́: Àlejò nìkan ló ń san owó orí oúnjẹ.

Òótọ́: Ẹni tó ń gbowó nílé oúnjẹ kì í bèèrè ìlú oníbàárà. Ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, wọn kì í gba owó orí lórí ọjà gbogbo, wọn kì í sì í gbà á lórí owó oṣù. Àmọ́ láti 1967 ni wọ́n ti ń gba owó orí lórí oúnjẹ àti yàrá ilé ìtura, 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni báyìí. Ọmọ ìlú Concord níbẹ̀ tó yà jẹ ẹyin, tó mu kọfí, iye kan náà lòun àti àlejò tó wá wo ewé pípọ́n nígbà ìwọ́wé ń san. Onílé oúnjẹ kì í yọ ọ́ lápò ara rẹ̀. Ó kàn ń bá ìjọba gbà á ni, wọ́n sì ń jẹ́ kó mú 3 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún wàhálà rẹ̀.

Irọ́: Ìpolówó ìrìn-àjò afẹ́ ló ń jẹ gbogbo owó náà.

Òótọ́: 3.15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni òfin New Hampshire yà sọ́tọ̀ fún ìrìn-àjò afẹ́. Ẹni tó jẹun dọ́là 40 yóò san owó orí dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 40, kò sì ju nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ tó máa kan ìpolówó níbẹ̀.

Irọ́: Bí wọ́n bá pa owó ìpolówó náà rẹ́, àlejò á ṣì máa wá. Ṣé òkè ń ṣí lọ ni?

Òótọ́: Òkè Colorado, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, kò ṣí lọ lóòótọ́. Nígbà kan, wọ́n ń gba 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ fún ìpolówó, lórí ohun tí arìnrìn-àjò ń náwó lé, oúnjẹ ilé oúnjẹ sì wà lára rẹ̀: sẹ́ǹtì mẹ́wàá náà ni, lórí oúnjẹ dọ́là 50. Ní 1993, wọ́n bi àwọn olùdìbò bóyá kó máa tẹ̀síwájú. Wọ́n ní rárá. Dọ́là mílíọ̀nù 12 tí wọ́n fi ń polówó lọ́dún di òfo. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò; Colorado da àgúnmu tirẹ̀ nù. Iléeṣẹ́ ìwádìí Longwoods ròyìn pé láàárín ọdún méjì, ìpín ìpínlẹ̀ náà nínú àwọn tó ń rìnrìn-àjò afẹ́ sùn mọ́jú fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nínú ìsinmi ní ibùdó ìgbafẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó já láti ipò kìn-ín-ní sí ìkẹtàdínlógún.

Wíwọn agbára irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ni Longwoods fi ń jẹun o, nítorí náà n kò ní í búra lé 30 yẹn. Ohun tí ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni mo gbà gbọ́. Ní 2000, ó dá ọ́fíìsì ìrìn-àjò afẹ́ sílẹ̀ padà. Ní 2006, ó gbé dọ́là mílíọ̀nù 19 lé e lọ́wọ́. Kò tún padà sídìí àwo oúnjẹ mọ́: owó tẹ́tẹ́ kàsínò ló lọ bù.