Nígbà Tí Gíláàsì Ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀yìn Jíìpù Bá Fọ́ ní Àbújá

Kò sí ohun tí ó máa ń ba ọlọ́kọ̀ lọ́kàn jẹ́ tó pé kí ó jáde láti ilé ìfowópamọ́ tàbí láti ilé ìjọsìn, kí ó sì bá àfọ́kù gíláàsì nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, kéékèèké, funfun báláú, bí yìnyín òjò àkọ́rọ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní títì. Iwájú kò fọ́, ẹ̀yìn gan-an kò fọ́. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, níbi tí àpò ọwọ́ wà, ni ó di ihò. Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ fi Àbújá àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé, ní Kubwa, Lugbe, Nyanya, Karu àti Mararaba, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Kì í sì í ṣe olówó tí ó ni jíìpù ńlá nìkan ni ó kàn. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ awakọ̀ fún ọ̀gá ìjọba àti fún oníṣòwò ńlá. Bí gíláàsì bá fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn ni a kọ́kọ́ ń bi léèrè, owó oṣù wọn ni ojú sì kọ́kọ́ ń lọ sí.

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru olè. Ìlú tí koríko pọ̀ lẹ́bàá títì ni Àbújá, bí òjò bá sì ti ń rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ẹ̀rọ gé koríko náà lójoojúmọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kan tí ẹ̀rọ yìí bá ta jáde lè fọ́ gíláàsì ọkọ̀ tí ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, kí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ sì rò pé ìbọn ni wọ́n yìn.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí gíláàsì náà fi ń fọ́ bí ó ti ń fọ́, nítorí àìmọ̀ yìí ni àwọn kan fi ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Oríṣìí gíláàsì méjì ni ó sábà máa ń wà lára ọkọ̀. Ti iwájú jẹ́ abala méjì tí a fi awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ pọ̀ láàárín. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Édouard Bénédictus, ni ó gba àṣẹ ìṣẹ̀dá rẹ̀ ní ọdún 1909. Bí òkúta bá lù ú, ó lè sán, ṣùgbọ́n kì í tú ká, ihò kékeré tí ó bá sì wà lára rẹ̀ ṣe é tún ṣe. Ti ẹ̀gbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Abala kan ṣoṣo ni, tí ilé iṣẹ́ gbé sínú ìléru títí ó fi gbóná kọjá ìwọ̀n 600 ti Celsius, tí wọ́n sì fẹ́ atẹ́gùn líle sí i kí ó lè tutù lójijì. Ìta rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tutù tí ó sì ń le. Inú rẹ̀ tí ó tutù gbẹ̀yìn a wá máa fa ìta mọ́ra. Ìfàmọ́ra yìí ni ó fún un ní agbára tí ọwọ́ lásán kò fi lè fọ́ ọ. Òun kan náà ni ó sì fà á tí ó fi jẹ́ pé bí ojú kan bá ti ya, gbogbo rẹ̀ ni yóò tú ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ó má baà di ọ̀bẹ ní ọrùn ènìyàn nígbà ìjàǹbá.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún yín pé òun lè lẹ irú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ yìí tí ó ti tú ká, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Pípààrọ̀ nìkan ni oògùn rẹ̀. Àwọn jíìpù olówó iyebíye kan wà tí ilé iṣẹ́ fi gíláàsì alábala méjì sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ariwo ìta má baà wọlé. Irú rẹ̀ gan-an ni a gbọ́dọ̀ fi dípò rẹ̀. Ti àwọn ọkọ̀ tí ìbọn kì í wọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ojú ọjà rárá.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe kánjú gbá àfọ́kù dànù. Ẹ ya àwòrán ọkọ̀ náà láti ìta àti láti inú. Bí ó bá jẹ́ olè ni, ẹ lọ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá tí ó wà nítòsí létí, kí ẹ sì gba ìwé, nítorí pé ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò béèrè rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì yìí, ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ìwé kékeré tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ń gbà nítorí ọlọ́pàá ojú títì, èyí tí owó rẹ̀ kúrò ní 5,000 náírà tí ó di 15,000 ní oṣù Kìíní ọdún 2023, kò kan gíláàsì tiwọn. Ohun tí a bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn ni ó ń san. Ẹni tí ó gba ìnṣọ́ránsì alákòópọ̀ nìkan ni ó ní ohun tí ó lè béèrè.

Àwọn ọmọ ni ó sì yẹ kí a fi ṣáájú ohun gbogbo. Àfọ́kù yìí kò mú bí ti ìgò, ṣùgbọ́n ó máa ń farapamọ́ sí abẹ́ ìjókòó, sí ihò ìgbànú, àti sínú ìjókòó tí a ń gbé ọmọ ọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ tí ń fa ìdọ̀tí fà á, kì í ṣe ìgbálẹ̀. Kí ọmọ kankan má jókòó sí ẹ̀yìn títí a ó fi rí i pé ó mọ́.

Kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ mọ èyí tí ó fọ́ gan-an. Mẹ́ta ni ó lè jẹ́. Èkíní ni gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ń lọ sókè sódò. Èkejì ni èyí kékeré tí ó dúró gbọin ní igun ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ẹrù, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ irin. Ohun tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé kékeré inú wọn lè wọ́n ju ńlá lọ, tí ó sì lè ṣòroó rí, nítorí pé àwọn oníṣòwò kì í sábà kó o pamọ́. Ọ̀tún kì í bá òsì mu. Ọdún ọkọ̀ pàápàá kò tó láti fi ra ọjà, nítorí pé ilé iṣẹ́ lè yí ìrísí ọkọ̀ padà láàárín ọdún kan. Nọ́ńbà alámì 17 tí ó wà lára ọkọ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìwé, kí ẹ sì mú àwòrán ìgun gíláàsì tí ó kù ní ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́wọ́.

Ìlú tí a fi àwòrán kọ́ ni Àbújá. Láti oṣù Kejì ọdún 1976, tí ìjọba Múrítàlá Muhammed fi òfin dá a sílẹ̀ lórí àbá ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà ṣe alága rẹ̀, ni a ti ní in lọ́kàn pé ohun gbogbo ni yóò ní àyè tirẹ̀. Mẹkáníìkì abẹ́ igi, bí a ti mọ̀ ọ́n ní Ìbàdàn àti ní Mushin, kò sí nínú àwòrán náà. Ìdí nìyí tí a fi ń darí ọlọ́kọ̀ sí Mẹkáníìkì Fílẹ́èjì ní Apo, tàbí ní Kugbo ní ọ̀nà Nyanya, tàbí sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Zuba.

Apo ni ó gbajúmọ̀ jù. Àwọn ará Ìgbò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn dé ojú àmì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ wọn yẹ kí ó mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Ní òru ọjọ́ 7 mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2005, àwọn ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́ mẹ́fà ní Àbújá. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọkùnrin tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Apo, ẹnìkẹfà sì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Wọ́n kọ́kọ́ pè wọ́n ní adigunjalè. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ rí i pé irọ́ ni. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ gíga tó dá ọlọ́pàá méjì lẹ́bi ikú. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn kan nínú wa tí wọ́n máa ń wọ ọjà náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé olè ni gbogbo ontàjà ibẹ̀, àti pé gíláàsì tí wọ́n jí lára ọkọ̀ wọn ni wọ́n ń padà tà fún wọn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pa ènìyàn rí.

Oríṣìí ọjà mẹ́ta ni wọn yóò gbé síwájú yín. Tòkunbọ̀ ni èkíní, èyí tí àwọn oníṣòwò tún ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, tí a tú lára ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun. Èkejì ni tuntun tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni ojúlówó. Ní tèmi, tòkunbọ̀ tí kò ní ìlà lára dára ju tuntun tí kò bá ihò mu lọ. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ gíláàsì, ẹ ó rí àmì tí a tẹ̀ mọ́ ọn: orúkọ ilé iṣẹ́, bí Asahi ti Japan, Saint-Gobain ti Faransé tàbí Fuyao ti Ṣáínà, lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè, E1 fún Jámánì, E43 fún Japan. Lára ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, AS2 ni ẹ ó rí lára gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tí ó mọ́lẹ̀, AS3 sì ni ti èyí tí ó dúdú. Gíláàsì tí kò ní àmì kankan, ẹ má rà á.

Dúdú yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìpù ni gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú láti ilé iṣẹ́, tí àwọ̀ náà wà nínú gíláàsì fúnra rẹ̀. Bí ẹni tí ó ń tún un ṣe kò bá rí dúdú, á ra funfun, á sì fi ike dúdú bò ó. Ẹ má gbà fún un. Òfin tí ó ka gíláàsì dúdú léèwọ̀ lára ọkọ̀ láìgba àṣẹ jáde ní ọdún 1991, ọdún kan náà tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Ìjìyà rẹ̀ ni 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ní ọdún 2025 àwọn ọlọ́pàá tún gbé ètò ìwé àṣẹ náà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Ẹni tí gíláàsì mẹ́ta rẹ̀ bá ara wọn mu, tí ẹ̀kẹrin sì ní ike lára, ti fún ọlọ́pàá ní ohun tí yóò bi í léèrè ní gbogbo ìkóríta.

Ti ilẹ̀kùn kò le púpọ̀. Mẹkáníìkì yóò tú awọ inú ilẹ̀kùn, yóò kó àfọ́kù tí ó ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ jáde, yóò fi tuntun sínú irin tí ń gbé e sókè, yóò sì dán an wò kí ó tó pa á dé. Kí ẹ rí i pé ó kó àfọ́kù náà tán, nítorí pé bí ó bá dí àwọn ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn á máa jẹrà láti inú.

Ti ẹ̀gbẹ́ ibi ẹrù ni ó gba sùúrù. Kí riwáyà kọ́kọ́ tú orí bátìrì, nítorí pé àpò atẹ́gùn tí ń gba orí ènìyàn là nígbà ìjàǹbá lè wà lábẹ́ awọ ibẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ kan, okùn rédíò tín-ín-rín wà nínú gíláàsì yìí. Bí a bá ra èyí tí kò ní in, rédíò á dákẹ́. A kì í fi ìrin họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ dé ojú irin, kí ọ̀dà má baà bó. A ń gé e kù fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kí tuntun lè rí ohun dìmú. Lẹ́yìn èyí ni a ń nu ún gbẹ, tí a ń fi omi ìdìmú pa á, kí a tó fa gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n ń pè ní urethane yí i ká láìjá.

Gọ́ọ̀mù yìí kì í gbẹ bí ọ̀dà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un le. Ní ìgbà òjò, kò ní pẹ́ púpọ̀, bí a bá sáà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé tí irin sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ Àbújá gbẹ tí ètè ń bó, ó máa ń lọ́ra gan-an, eruku sì tún ń bà lé e kí gíláàsì tó dé ibẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó bá sọ ní oṣù Kìíní pé kí ẹ máa wà á lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, owó oníbàárà tí ó kàn ni ó ń wò. Ẹ jẹ́ kí tẹ́ẹ̀pù wà lára rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ má ti ilẹ̀kùn gbàgà, kí ẹ sì ṣí gíláàsì iwájú kan díẹ̀ kí atẹ́gùn má baà tì í jáde.

Ní ti awakọ̀ àti ọ̀gá rẹ̀, èrò mi ni pé bí ọ̀gá bá fi àpò rẹ̀ sí ojú gbangba lórí ìjókòó, tí ó sì ní kí awakọ̀ bá òun wọlé, owó gíláàsì kì í ṣe gbèsè awakọ̀. Bí awakọ̀ bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ ṣe ti ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ di méjì. Èyíówù kí ó jẹ́, kí awakọ̀ gba ìwé owó ọ̀tọ̀ fún gíláàsì, ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́, kí àmì ara gíláàsì náà sì wà lórí ìwé. Lọ́jọ́ kejì, kí ó da omi sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Bí ọwọ́ bá jáde pẹ̀lú omi, kí ó dá ọkọ̀ náà padà sí Apo lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ìwé owó rẹ̀ lọ́wọ́.