Géèmù tí kò ní ìbọn, tí kò ní bọ́ọ̀lù

Bí ẹ bá rìn láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ ti ń sanwó gbá géèmù. Bọ́ọ̀lù àti ìbọn ló sábà máa ń wà lójú ẹ̀rọ. Abájọ tí ọ̀pọ̀ àgbà kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ géèmù sétí.

Ṣùgbọ́n irú kan wà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, àlọ́ àpamọ̀ ni mo fi wé e. Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Ẹ ó fi mouse, nǹkan kékeré tí à ń tì lórí tábìlì, tọ́ka sí ilẹ̀kùn, àpótí tàbí èèyàn inú àwòrán. Ẹ ó bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ó ṣa nǹkan sápò, ẹ ó wá ronú ohun tó wúlò fún.

Beneath a Steel Sky, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1994, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jí Robert Foster gbé kúrò láàárín àwọn tó tọ́ ọ dàgbà nínú aginjù, wọ́n gbé e lọ sí ìlú ńlá tí kò ti mọ ẹnì kan. Joey, ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ló ń bá a rìn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́! Láti 2003 ló ti di ọ̀fẹ́. Flight of the Amazon Queen, ìtàn awakọ̀ òfuurufú tó já sínú igbó, di ọ̀fẹ́ ní 2004. ScummVM ni wọ́n fi ń ṣí méjèèjì, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè gbé wọn, wọn kò sì nílò dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà wọ́n sílẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àléébù wọn nìyẹn. Ẹ pe ọmọọmọ yín kó máa túmọ̀, kí ẹ̀yin máa bá a ronú. Bí ẹ bá sì ti fi ibi tí ẹ dé pamọ́, bí iná bá lọ, ibẹ̀ náà ni ẹ ó bá a.