Àgùàlà àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe ‘Ṣebí’: Ìtàn Àwọn Ọkọ̀ Aláìlénìyàn tí A Rán sí Venus

Àwọn Yorùbá a máa pe Àgùàlà, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì Venus, ní ajá òṣùpá, nítorí pé ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń tẹ̀ lé òṣùpá kiri. Síbẹ̀, òwe àwọn àgbà sọ pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn pé irú ‘ṣebí’ bẹ́ẹ̀ kò yọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀.

Ìkùukùu bo Àgùàlà tó bẹ́ẹ̀ tí awò-awọ̀nàjíjìn kò lè rí ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ kan ṣebí omi pọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1962, Mariner 2 ti Amẹ́ríkà kọjá lẹ́bàá rẹ̀, ó sì fi hàn pé ilẹ̀ náà gbóná janjan. Síbẹ̀, ìrètí omi kò tán. Nígbà tí àwọn ará Sófíẹ̀tì rán Venera 4 lọ ní ọdún 1967, wọ́n ṣe é kí ó lè léfòó, wọ́n sì fi ṣúgà ṣe ìdè kan lára rẹ̀, kí ó lè yọ́ bí ọkọ̀ náà bá bọ́ sínú omi. Kò bá omi pàdé. Gáàsì carbon dioxide ló bá, ó sì dákẹ́ kí ó tó kanlẹ̀.

Ìdákẹ́ yẹn kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Wọ́n mú kí ara Venera 7 le sí i, ó sì balẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1970. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé òun náà ti kú. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ wò, wọ́n rí àmì rédíò tí kò lágbára, tó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 23. Ìgbóná ibẹ̀ tó 475°C, èyí tó lè yọ́ òjé. Venera 9 ya àwòrán àkọ́kọ́ láti orí ilẹ̀ náà ní ọdún 1975: òkúta ni gbogbo rẹ̀. Venera 13, tí wọ́n ṣe fún ìṣẹ́jú 32, ṣiṣẹ́ fún 127 ní ọdún 1982.

Àgùàlà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé wa ní títóbi, ṣùgbọ́n gáàsì tó há ooru mọ́ ọn kò jẹ́ kí ó ṣeé gbé. Gáàsì kan náà ni ọmọ ènìyàn ń fi kún afẹ́fẹ́ ayé lónìí. Nítorí náà, kò yẹ kí a tún ṣebí ohun tó sún mọ́ wa ti yé wa.